Bí Ẹ Bá Dé Èkó, Ẹ Gbé Ojú Yín Sókè

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dé Èkó tí kò gbọ́n, bó dé Ìlú Ọba pàápàá, kò lè gbọ́n mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ẹ̀yin oníṣòwò, àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ní ìbéèrè kan: èwo nínú Èkó gan-an ni ẹ ti dé? Ọ̀pọ̀ wa ti lọ síbẹ̀ nígbà ogún tàbí ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n ibi tí mọ́tò já wa sí, ibi tí a ti ra ọjà, àti ibi tí a ti wọkọ̀ padà nìkan ni a mọ̀. Bí ará ilé bá bi wá pé kí ni a rí, a ó ní, "Èrò pọ̀ jù."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìyá mi rí. Láti 1978 títí di 2011 ni ó fi ń ti Iléṣà lọ ra aṣọ ní ọjà Balógun, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì. Owó aṣọ yìí ló fi rán èmi àti àwọn àbúrò mi lọ sí ilé ìwé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ó fi ń gbéra, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí ó tó wọlé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun kan ṣoṣo ló wù ú láti rí ní Èkó yàtọ̀ sí aṣọ: ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìta Tinúbú, tí bàbá mi ya fọ́tò níwájú rẹ̀ ní 1962, nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀. Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ wa di òní. Bàbá mi wọ kóòtù funfun, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí bí ẹni pé òun ló ni ilé náà.

Ilé yìí ni wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ní irú ọ̀nà ìkọ́lé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wá sílé. Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ni wọ́n fi ṣe. Ní 1956 ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Nígbàkúùgbà tí ìyá mi bá mẹ́nu bà á, èmi ni mo máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn, n ó mú yín lọ." Ìgbà mìíràn náà kò dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó ilé náà palẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ojú fọ́tò náà, ó sì padà lọ jókòó.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà dùn mí púpọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2025, tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo sọ fún un pé, "Màmá, ẹ di ẹrù yín. A ò lọ ra ọjà kankan. Èkó la fẹ́ lọ wò." Ọdún 80 ni wọ́n nígbà náà. Ohun tí a rí, tí a jẹ, tí a sì mu ní ọjọ́ méjì ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin náà lè rí ọ̀nà gbà.

A sùn sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Fẹ́sítáàkì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Máìlì Túù. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti ibẹ̀ dé Màríńà, ìrìn kìlómítà 13. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ níbẹ̀. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Cowry ni ẹ ó rà, tí ẹ ó fi owó sí, tí ẹ ó sì fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kí ó tó ṣí. Ẹ wá àyè jókòó létí fèrèsé. Ẹ ó rí ilé eré ńlá ti Ìgànmú tó rí bí fìlà ṣọ́jà, èyí tí wọ́n lò fún àjọ̀dún FESTAC ní 1977, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yóò gba orí ọ̀sà kọjá. Ìyá mi di apá mi mú.

"Àjàní, ṣé omi ló wà lábẹ́ wa yìí?"

"Omi ni, Màmá."

"Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń gba orí omi yìí kọjá, n kò rí i rí. Àpò owó mi ni mo máa ń wò."

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Màríńà, ẹ jẹun kí ẹ tó rìn jìnnà, nítorí ẹsẹ̀ kì í fi ebi rin Èkó. Ẹ wá ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége. Ẹ̀wà náà a rọ̀ dẹ̀ẹ̀, wọn a sì da ata dúdú tí wọ́n fi epo dín lé e lórí. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ti apá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá ni Èkó ti kọ́ ọ jẹ. Ibi tí ẹ bá rí àwọn alábàárù àti awakọ̀ tí wọ́n tò sí ni kí ẹ tò sí. Oúnjẹ ibẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ débi tí yóò fi kan.

Láti ibẹ̀ a wọ ọjà Balógun, a sì dé òpópónà Martins. Ìyá mi dúró. "Mọ́ṣáláṣí yìí! Iwájú rẹ̀ ni mo ti máa ń dúró de alábàárù mi!" Mo ní kí wọ́n gbé ojú sókè. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ni, tí wọ́n ṣí ní 1894. Mohammed Shitta tó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, oníṣòwò bí tiyín ni. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì ló fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ẹni tó sì mọ ilé náà, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà ni. Ìyá mi wo iṣẹ́ ọ̀nà ara ògiri náà títí ọrùn fi ń ro wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹrù orí mi kò jẹ́ kí n wòkè rí."

Ìta Tinúbú kò jìnnà síbẹ̀. Obìnrin oníṣòwò ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀: Ẹfúnróyè Tinúbú, tó ṣòwò iyọ̀, tábà, àti ẹrú pàápàá, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta. Ìyá mi mú fọ́tò bàbá mi jáde nínú àpò, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì wo ibi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀. Èmi kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ni wọ́n ní, "Ó tó. Jẹ́ ká lọ wo èyí tó kù."

Èyí tó kù náà pọ̀. Ní òpópónà Kakawa ni Ilé Omi wà. João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil láti kékeré, ló padà wá kọ́ ọ ní 1885. Ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, àwọn ará Èkó sì ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Candido, di olówó tí gbogbo Èkó fi ń pa òwe. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé ọmọ Ọbòkun ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Àṣé a ti ta omi kí a tó di òṣómàáló!" Ilé onílé ni o, ẹ kí àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ní ọ̀sán, Freedom Park ni a ti sinmi. Ẹ̀wọ̀n òpópónà Broad ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí àwọn òyìnbó tì mọ́lé síbẹ̀. Ní 2010 wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń so ènìyàn kọ́ láyé ọjọ́un ni àwọn olórin ti ń ṣeré nísinsìnyí. A jókòó lábẹ́ igi, a jẹ ìrẹsì àti ẹja, ìyá mi mu sóbò, èmi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí, ẹ kọ́gbọ́n lára mi. Nígbà kan rí, mo wọ ilé oúnjẹ kan létí omi, tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé àga ibẹ̀ dára. N kò béèrè iye owó, ojú ń tì mí. Nígbà tí wọ́n mú ìwé owó dé, ẹja kan ṣoṣo ti gba owó mọ́tò mi padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè kí n tó jókòó. Kì í ṣe ìwà ahun. Ẹ dì owó ọjà lọ́tọ̀, ẹ dì owó ìgbafẹ́ lọ́tọ̀, kí ọ̀kan má ṣe jẹ ìkejì.

Ọjọ́ kejì, Oníkan ni a lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1957 wà níbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà, bí ẹ bá mú ọmọ ilé ìwé dé iwájú ọkọ̀ yìí, ẹ kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fetí sí ẹ̀kọ́ ìtàn. Ní ìkọjá rẹ̀ ni ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè, èyí tí wọ́n ṣí ní 2023. Ibẹ̀ ni Dókítà Randle kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní 1928, kí àwọn ọmọ Èkó lè rí ibi kọ́ bí a ti ń wẹ̀ lódò.

Bí ó bá ṣe ọjọ́ Ẹtì Rere ni ẹ wà ní Èkó, ẹ wá ẹni tí yóò mú yín dé Pópó Àgùdà, kí ẹ lè tọ́ fréjọ̀n wò: ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Brazil ni àwọn baba wọn ti gbé e bọ̀.

Fọ́tò méjì ló wà lára ògiri pálọ̀ wa báyìí. Ìkejì ni ti ìyá mi níwájú mọ́ṣáláṣí òpópónà Martins. Kò sí ẹrù lórí wọn. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n sì fi ọwọ́ lé ìbàdí bíi ti bàbá mi.

Ẹ̀yin ará, ilé tó wà lónìí lè má sí lọ́la. Bí ẹ bá tún ń lọ sí ọjà Èkó, ẹ fi ọjọ́ kan kún un, kí ẹ sì mú ẹni tí ẹ ti ń ṣèlérí fún dání. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà mìíràn. Ire o.