Opọ́n Ifá tó wà ní Ulm

Bí ọ̀rọ̀ mùsíọ́ọ̀mù ní Jámánì bá délẹ̀, Berlin ni gbogbo ayé máa ń dárúkọ. A ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí owó ọkọ̀ yín ò sì ju ti ìlú kan ṣoṣo lọ, Ulm ni kí ẹ lọ.

Ìlú kékeré ni, létí odò Danube. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Albert Einstein ní 1879. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà láàárín ìlú ga ju mítà 161 lọ, àtẹ̀gùn 768 ni ẹ ó sì gùn kí ẹ tó dókè. (Orúnkún wa ṣì ń ráhùn.) Mùsíọ́ọ̀mù Ulm ló ni Löwenmensch, ère ènìyàn olórí kìnnìún tí wọ́n fi eyín màmọ́ọ̀tì gbẹ́ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 40 ọdún sẹ́yìn. Òun ni àlejò púpọ̀ ń wá wò. Àwa ò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Opọ́n Ifá la bá lọ. Oníṣòwò ará Ulm kan, Christoph Weickmann, ló kó o mọ́ àwọn ohun ilẹ̀ òkèèrè tó ń tọ́jú, ó sì ti wà nínú ìwé tí wọ́n fi to ẹrù náà lẹ́sẹẹsẹ ní 1659. Allada ló ti wá, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, òun pẹ̀lú ẹ̀wù méjì kan. Nínú gbogbo opọ́n Ifá tí a mọ̀ láyé, òun làgbà. Igi lásán o, igi tí ikán ìbá ti jẹ tán nílé! Igun mẹ́rin ló ní lóde, ojú rẹ̀ tí wọ́n ń da ìyẹ̀rosùn sí rí roboto láàárín, iṣẹ́ ọnà sì kún etí rẹ̀ fọ́fọ́.

Ìwé 1659 yẹn pe àwòrán ara rẹ̀ ní ti bìlísì. Inú bí wa, a sì tún rántí pé ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tiwa tó ń túmọ̀ Bíbélì fi orúkọ Èṣù pe Sátánì. Ta la fẹ́ bá wí?

Bàbá bàbá ọ̀kan nínú wa, babaláwo ni. Nígbà tí ìdílé wọn gba ìgbàgbọ́, wọ́n kó opọ́n, ìrọ́kẹ́ àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ síta, wọ́n dáná sun ún. Òun ló ní kí wọ́n fi ti Ulm sílẹ̀ níbi tó wà, ó ṣáà ṣì wà. Àwọn yòókù fárígá pé kí ó padà wálé. Ilé wo? Ìwé náà ní ọba Allada ló ń lò ó, Fá sì ni wọ́n ń pe Ifá níbẹ̀. Ṣé Ilé-Ifẹ̀ ló máa gbà á ni, àbí Allada? A bá ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ̀ ojú irin, a fà á títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Bí ẹ bá máa lọ, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bóyá ó wà níta kí àlejò rí, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mùsíọ́ọ̀mù ń pàtẹ gbogbo ẹrù rẹ̀.