Ẹ́ńjìnnì Tí Ó Bọ́ Wa Yó

Obìnrin tí ó bá fẹ́ awakọ̀ ojú omi, etí ni ó fi ń mọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé. Ní ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, bí mo bá ń yan ẹja lórí ààrò ní ìrọ̀lẹ́, mo lè mọ ohùn ẹ́ńjìnnì Bàbá Ìbejì láàárín ogún mìíràn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbọ́ ohùn náà. Nítorí náà, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti yí padà.

Ní ọdún 2008 tí mo bí àwọn ìbejì ni baálé mi ra ẹ́ńjìnnì náà ní tuntun, alágbára ẹṣin 40, onísílíńdà méjì. Òun ni ó san owó ilé-ìwé, òun ni ó ra búlọ́ọ̀kù tí a fi kọ́ ilé. Ìyá ọkọ mi a tilẹ̀ máa kí i bí ẹni pé ènìyàn ni: “Akíkanjú, o kú iṣẹ́ o.”

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, mo bá baálé mi lọ ra ẹja ní apá Ejìnrìn. Nígbà tí a ń padà bọ̀, èrò mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ọkọ̀, aboyún kan wà láàárín wọn, Kẹ́hìndé ọmọ mi sì jókòó sí iwájú. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Baálé mi fa okùn rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Afẹ́fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti ń ru omi sókè, ọkọ̀ wa sì yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì. Aboyún náà di ọwọ́ mi mú, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Apẹja méjì ni Ọlọ́run rán sí wa. Wọ́n so okùn mọ́ ọkọ̀ wa, wọ́n sì wọ́ wa dé èbúté lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú.

Ní òru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Baálé mi ní, “Ìyá Ìbejì, a óò tú u palẹ̀, a óò sì tún un ṣe. Ohun tí ó bọ́ ènìyàn yó kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù.” Mo dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí a ra tuntun. Ojú aboyún yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.” Ó bi mí pé owó dà. Owó àjọ mi ni ó wá sí mi lọ́kàn, èyí tí mo ti ń dá láti ọdún méjì kí n lè fi gba ìsọ̀ ní ọjà, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá ọkọ mi, tí mo ti rò pé yóò gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀, wí fún àwa méjèèjì pé, “Ìwọ ń fi ìbẹ̀rù rò ó, òun ń fi ìfẹ́ rò ó. Ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó ṣí i, kí ẹ fi ojú ara yín rí inú rẹ̀.”

Mẹkáníìkì àgbà kan ní etí omi ni ó ṣí i. Ó kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó sì fi géèjì wo agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ti òkè jẹ́ 115, ti ìsàlẹ̀ kò ju 70 lọ. Ó ṣàlàyé pé ó yẹ kí àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá rẹ̀yìn tó báyìí, àìsàn ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ó tú u, a rí i pé písítìn ìsàlẹ̀ ti ha ara sílíńdà. Rọ́bà kékeré inú pọ́ǹpù, tí ń fa omi sókè láti mú kí ẹ́ńjìnnì tutù, ti jẹ́, ooru sì ti pọ̀ jù.

Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ èyí nìkan ni, ǹ bá ní kí ẹ tún un ṣe. A lè gbẹ́ sílíńdà náà fẹ̀ díẹ̀, kí a fi písítìn tí ó tóbi jù ti àkọ́kọ́ sí i.” Lẹ́yìn náà ni ó mú ìka mi, ó sì fi kan ojú ọ̀nà tí omi ń gbà yí sílíńdà ká. Iyọ̀ ti jẹ irin ibẹ̀, ó rí bí pákó tí ikán ti mu. Bóòtù méjì ti kán nígbà tí ó ń tú u.

Ẹ̀yin ìyàwó ẹlẹgbẹ́ mi, ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Nígbà òjò, omi tútù ni ó pọ̀ nínú ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa wọlé láti apá Èkó, ìgbà náà gan-an ni baálé mi sì ń ná ọ̀nà ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ń pọn omi kànga sínú dúrọ́ọ̀mù, tí a fi ń fọ inú ẹ́ńjìnnì ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ ẹja pọ̀ sí i, mo dáwọ́ dúró. Baálé mi náà kò sì béèrè. Kò sí ìjà kankan lórí rẹ̀. A kàn gbàgbé ni.

Mo mú ìwé àjákọ ọmọ, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá pín owó ẹ́ńjìnnì tuntun sí ọ̀nà mẹ́wàá, àtúnṣe yóò gba mẹ́fà, mẹkáníìkì náà kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò ju ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ. Tòkunbọ̀ yóò gba márùn-ún, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ iye iyọ̀ tí òun náà ti mu? Irú tuntun tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ a máa fi epo pamọ́, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n tú kò pọ̀ ní èbúté wa. Irú ti àtijọ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Mo tún ka ọjọ́ tí ọkọ̀ kò lè jáde nítorí ẹ́ńjìnnì ní ọdún tí ó kọjá: ọjọ́ 31. Nígbà tí baálé mi rí iye yìí, ó ti ìwé náà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, “Tuntun ni.”

Nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ owó àjọ. Mo ní, “N kò fi ṣe ẹ̀bùn, nítorí ìsọ̀ mi ni. Ẹ jẹ́ kí owó ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé máa padà sọ́wọ́ mi títí yóò fi pé.” Ó dákẹ́ pẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn rẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i.” Ìyá rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa.

A ta ẹ̀yà ara àtijọ́ tí ó ṣì dára, ó sì fún wa ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyá ọkọ mi ní kí a fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Abẹ́ rẹ̀ ni àgbébọ̀ wọn ń yé sí báyìí.

Ìsọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹlòmíràn ti gbà á. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n owó àjọ ti ń padà bọ̀, ìsọ̀ mìíràn yóò sì wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ aya, bí ohun èlò ilé yín bá di ogbó, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ má ṣe fi ìbínú sọ ọ́ nù, ẹ má sì fi ìfẹ́ dì í mú. Ẹ ṣí i wò, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti baálé yín sì jọ kà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ti èmi, bí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tuntun ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, mo ti mọ iṣẹ́ mi. N óò sọ ẹja kalẹ̀, n óò sì gbé korobá lọ sí ìdí kànga.