Ta Ló Ní Ọkùnrin Kì Í Sunkún?

 Ọ̀rọ̀ inú ni mo fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀tẹ̀ yìí.

Ẹ gbọ́ bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wá, ojú ló ń tì wá, àyà ló ń já, àánú ló ń ṣe wá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń ṣiṣẹ́, ara wa ni wọ́n ń ṣe é sí. Ọmọ mi kan tó lọ yunifásítì sọ fún mi pé ní 1884, òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, William James, kọ ọ́ pé ara ló kọ́kọ́ ń yí padà, ká tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wá. Mo rẹ́rìn-ín. Àyà tiwa ti ń já tipẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá wá dá Ifá kì í sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Owó ló máa sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́, á wá fi owó náà kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èmi ò gbọ́, àmọ́ mo ní ojú. Àwọn obìnrin a máa pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin, gbólóhùn kan péré, wọ́n á ju owó sílẹ̀ bí ẹni tó ń san owó mọ́tò.

Ọkùnrin gìrìpá kan wá, kì í ṣe ará ilé wa. Ó gbé owó sẹ́nu, kò sọ nǹkan kan. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n ṣáá. Nígbà tó yá, omijé bọ́ sórí ẹní. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Bíi pé ó da omi sí mi lára! Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, mo ní kó sunkún tẹ́rùn, Ifá ò kánjú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló sọ fún mi: ọmọ rẹ̀ ló kú, ó ti lé lóṣù mẹ́fà. Kò rí oorun sùn, àyà ń ta á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sibítù, wọn ò rí nǹkan kan. Kò tíì sunkún rárá, torí àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní ọkùnrin kì í sunkún.

Irọ́ ni. Ta ló le tó ọdẹ? Ẹni tó ń dá wọ igbó lóru! Síbẹ̀, bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sun ìrèmọ̀jé níbi ìṣípà, ohùn arò ni, gbangba ni, gbogbo ìlú ń gbọ́. Ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní ẹkún tirẹ̀. Àwọn baba wa ṣe àyè sílẹ̀ fún ẹkún. Àwa la dí i.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí baba wọn fi sílẹ̀ láàárín wa lọ́dún yìí, ẹ yé sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe bí ọkùnrin. Ẹni tó bá tún sọ ọ́, kó wá bá mi nílé. Èyí àbíkẹ́yìn máa ń jókòó tì mí láàárọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá. N kì í bi í ní nǹkan kan. Obì ni mo máa ń gbé fún un kó bá mi mú dání.