Kílípà fún Orí Tí Ń Pá

Láàrin gbogbo ẹ̀yà ara, orí ni Yorùbá fi ṣe àgbà, ohun tí a bá sì fi ṣe àgbà, a kì í fi ṣeré. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi máa ń sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí: ẹni tí ó ni orí ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí a ó fi kàn án. Láyé àtijọ́, onígbàjámọ̀ ni í fá orí ọkùnrin; abẹ, omi àti ọṣẹ sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ tí a ń pè ní kílípà ti gba ipò abẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀, ó sì ti wọ inú ilé wa pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí baálé ilé fi lè jókòó síwájú dígí kí ó gẹ irun ara rẹ̀. Bí a ti í yan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún orí tí ń pá ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Kí n tó pé ọmọ ogójì ọdún ni irun iwájú orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni àtàrí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, bí ilẹ̀ tí koríko rẹ̀ kò hù dáadáa. Àwọn kan ní ẹrù tí mo rù nígbà èwe ni ó fà á. Àwọn mìíràn ní owó ni ó ń bọ̀. Ẹrù kọ́, owó náà kò sì tí ì dé. Àjogúnbá ni orí pípá jẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin. Ohun kan tí ara wọn ń pèsè fúnra rẹ̀ ni í máa sọ irun iwájú àti ti àtàrí di tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n irun ẹ̀bá etí àti ti ìpàkọ́ kì í bá a lọ. Nítorí náà, bí ènìyàn bá jẹ́ kí irun ẹ̀gbẹ́ orí kún, ńṣe ni ibi tí ó pá yóò túbọ̀ máa hàn. Bí ó bá gẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi tí irun wà àti ibi tí kò sí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.

Irun tí a gẹ mọ́lẹ̀ kì í sì í pẹ́ hù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orí òun máa wà bẹ́ẹ̀ yóò máa lọ sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì máa fi orí sábẹ́ ẹ̀rọ tí ó ti kọjá lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo mọ àwọn onígbàjámọ̀ tí wọn kì í fi ẹ̀rọ kan orí ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi sípírítì nù ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Làpálàpá tí ó wà lórí ọmọ ilé-ìwé kan lè ti ara eyín ẹ̀rọ dé orí ẹlòmíràn. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹ̀jẹ̀. Bí kílípà bá ha ẹnìkan lórí, kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B, èyí tí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lára irin fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Orí tí ó pá kò sì ní irun tí yóò gbà á lọ́wọ́ eyín irin. Nítorí èyí ni mo ṣe pinnu láti ní kílípà tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ń gbé ní Amẹ́ríkà gbọ́ nípa ìpinnu mi, ó sì mú ọ̀kan bọ̀ nígbà tí ó wá kí wa. Ó wúwo lọ́wọ́, irin rẹ̀ sì ń dán. Ọjọ́ irú kílípà bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1919, ní ìlú Sterling ní ìpínlẹ̀ Illinois, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leo J. Wahl tọrọ ìwé àṣẹ ìjọba fún kílípà tí iná mànàmáná ń mú ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1921 ni ó sì dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é sílẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ yìí, irin òòfà ni í máa fa eyín kílípà síwá sẹ́yìn, bí iná bá sì ti ń yí padà ni eyín ń rìn. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, ó sì ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ fóltì 230, ó sì ń yí ní ìgbà 50.

Kí n tó fi okùn rẹ̀ bọ iná, mo yí ẹ̀rọ náà padà, mo ka ohun tí a kọ sí i lára. Fóltì 120 ni mo rí níbẹ̀, àti 60.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kílípà yìí bọ iná wa, yóò jóná.”

Ó ní, “Ṣé a kò lè ra ẹ̀rọ tí í dín agbára iná kù ni?”

Mo ní, “A lè rà á, sà, yóò sì sọ fóltì 230 di 120. Ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Ariwo ni kílípà náà yóò máa pa, kò sì ní í gẹ irun bí ó ti yẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àyà mi sì já, nítorí pé ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ohun tí àbúrò ń dá padà. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó sàn kí o sọ ọ́ fún mi ju kí ẹ̀bùn mi lọ di iná nínú ilé rẹ.”

Bí ó ti yí ẹ̀yìn sí mi láti gbé kílípà náà padà sínú àpò ni mo rí ìpàkọ́ rẹ̀. Orí tirẹ̀ ti pá ju tèmi lọ, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń gẹ ẹ́ kanlẹ̀ títí yóò fi máa dán. Kókó líle ti tò sí ìpàkọ́ rẹ̀ bí hóró àgbàdo. Irun àwa aláwọ̀ dúdú a máa ká kò. Bí a bá gẹ ẹ́ jù, ẹnu rẹ̀ tí ó ṣe ṣóńṣó lè ká padà wọ inú awọ nígbà tí ó bá ń hù, ibẹ̀ yóò sì wú. Bí ènìyàn kò bá sinmi gígẹ ẹ́ kanlẹ̀, wíwú náà lè le, kí ó sì di àpá tí kì í lọ mọ́. Níbẹ̀ ni ó ti yé mi pé kì í ṣe kílípà tí ó mú jù lọ ni ó dára jù lọ fún orí tí ń pá. Bí òǹtajà bá ní kílípà tòun ń gẹ irun bí ẹni fi abẹ fá a, kò tí ì yìn ín lójú mi. Èyí tí yóò ṣẹ́ irun díẹ̀ kù sójú awọ ni mo ń wá.

Nígbà tí mo dé ọjà, ohun mẹ́rin ni mo yẹ̀ wò. Èkínní ni iná. Mo yan èyí tí a kọ fóltì 100 sí 240 sí lára, tí ó ní bátìrì, tí ó sì tún lè fi okùn ṣiṣẹ́ bí bátìrì bá kú. Ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó gẹ ìdajì orí yóò mọ ìdí rẹ̀. Èkejì ni ìwúwo. Ọwọ́ tí yóò dé ìpàkọ́ ara ẹni kò gbọdọ̀ gbé ohun tí yóò mú un gbọ̀n. Ẹ̀kẹta ni eyín. Irin eléyín méjì ni ó wà lẹ́nu kílípà: ọ̀kan dúró, èkejì ń rìn. Ẹnu èyí tí ń rìn kò gbọdọ̀ yọ kọjá ẹnu èyí tí ó dúró, nítorí pé òun ni í gé ènìyàn. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo wò ó bóyá ó dọ́gba. Mo sì fi kan inú apá mi kí n tó sanwó. Ẹ̀kẹrin ni òòyà kéékèèké tí a ń fi bọ ẹnu rẹ̀. Èyí tí a kọ 1 sí a máa ṣẹ́ irun kù ní ìwọ̀n mìlímítà 3. Èyí tí a kọ 2 sí, mìlímítà 6.

Nígbà tí mo bá fẹ́ gẹ irun, òòyà 2 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó bọ́ sí 1. N kì í tẹ ẹ̀rọ náà mọ́ orí, nítorí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Dígí kan á wà níwájú mi, òmíràn á wà lẹ́yìn, síbẹ̀ ọmọ mi ni í bá mi wo ibi tí ó kù. Bí mo bá ṣe tán, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun kúrò láàrin eyín, mo máa ń fi sípírítì nù ún, n ó sì kán òróró kílípà díẹ̀ sí i kí ó má baà dípẹtà. Ọmọ mi ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. A kì í ya ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti lọ wá èyí tí í ṣẹ́ irun díẹ̀ kù, ó sì sọ fún mi pé kókó tuntun kò yọ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí irun yín ṣì kún, ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni baba yín yóò pè lọ́jọ́ kan pé kí ẹ bá òun wo ìpàkọ́. Ẹ fara balẹ̀ wò ó, ẹ má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àjogúnbá ni, orí tí ẹ ń wò lè jẹ́ orí tiyín lọ́jọ́ iwájú.