Àwòrán Abẹ́ Pátákó

Olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òru ti jìn ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, oorun kò kun ojú mi. Pátákó skateboard kan wà lórí tábìlì, mo ń fi ọwọ́ pa á lára. Igi maple ni, awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méje tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ra. Abẹ́ rẹ̀ ni àwòrán wà. Ẹni tó gùn ún kì í rí i. Ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán ló ń rí i nígbà tó bá fò sókè.

Ọwọ́ búlúù kan ni, ó la ẹnu ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń ké tahọ́ntahọ́n. Jim Phillips ló yà á fún ilé iṣẹ́ pátákó Santa Cruz ní California, ní 1985. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ìwọ ni mo rántí, ọwọ́ rẹ tí aró ti pa láró dé ọrùn ọwọ́ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta.

Láyé ìgbà yẹn, síkírìn ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ kan, síkírìn kan. Ọ̀kan á gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. O mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ìwọ tí ò ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ àdìrẹ, tí ò ń rẹ ẹ́, tí ò ń sá a, tí o tún ń rẹ ẹ́. Lóde òní, orí ike fẹ́lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń tẹ àwòrán sí, ooru ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Ó yá, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n ti síkírìn ni mo fẹ́ràn, nítorí ìka mi máa ń mọ ibi tí àwọ̀ kan ti gun èkejì.

Ní Sátidé, mo lọ sí Southbank, lábẹ́ ilé ńlá létí odò Thames, níbi tí wọ́n ti ń gun pátákó láti àwọn ọdún 1970. Ọmọkùnrin kan fi ikùn pátákó rẹ̀ ha etí kọnkéré. Nígbà tó dojú rẹ̀ dé, ẹyẹ tí wọ́n yà síbẹ̀ ti pàdánù apá kan, igi funfun ti yọ. Inú rẹ̀ ń dùn.

Ní January 2019, ilé gbàǹjo Sotheby's ta pátákó 248 ti ilé iṣẹ́ Supreme pa pọ̀ ní 800,000 dọ́là. Èmi ò bá ẹni tó rà wọ́n jà. Àmọ́ ẹyẹ Southbank yẹn lẹ́wà lójú mi ju gbogbo pátákó tí wọ́n kàn gbé kọ́ sára ògiri lọ.

Ìfẹ́ tiwa ti wà lára ògiri fún oṣù mẹ́rìnlá. Inú fóònù la ti ń wò ó. Kò bó, kò ha, bẹ́ẹ̀ ni kò rìn. Ó ti sú mi.

Mò ń bọ̀ ní December. Pátákó tí mò ń gbé bọ̀ kò ní àwòrán kankan. Ìwọ ni kí o yà á. Èmi á gùn ún ní títì Abẹ́òkúta títí yóò fi pa rẹ́, wàá sì tún òmíràn yà. Jọ̀wọ́, má ì fọ aró kúrò lọ́wọ́ kí n tó dé.