Ìwé Wa Dé Ilé Wọn, Kò Sọ̀rọ̀

Olùkọ́ ni àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, níbí ní Ṣábẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń di ẹfun ìkọ̀wé mú. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ẹ̀bi wa wà nínú rẹ̀, a kò sì ní fi í pamọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Ṣábẹ̀ mọ irú ìjì tó máa ń ṣáájú òjò yẹn. Eruku dìde, ojú ọ̀run ṣú, kí a tó ti fèrèsé tán, ìjì ti ká páànù orí kíláàsì méjì. A ní kí àwọn ọmọ wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, a kà wọ́n. Ọlọ́run ṣeun, kò sí ẹni tó kú. Ọmọ mẹ́ta ló fara pa: páànù ya ọ̀kan lápá, igi òrùlé ba àwọn méjì. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Lójú tiwa, a ti ṣe iṣẹ́ wa.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí a kò ṣe. A kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Kò pẹ́ rárá tí ohùn kan fi ń kiri lórí WhatsApp pé ògiri ilé ìwé wó pa ọmọ. Ẹnì kan ní mẹ́ta, ẹlòmíràn ní méje. Ọmọ Ṣábẹ̀ kan tó wà ní Kútọnù ló pe ìyá rẹ̀ lọ́jà pé ṣé ó ti gbọ́. Ẹ wò ó: ibi tí ìyá yẹn pàtẹ sí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé ìwé wa, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ibi tó ju 200 kìlómítà lọ ló ti gbọ́ nípa ọmọ rẹ̀. Irọ́ ló sì gbọ́.

Ká ní ẹ rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé lọ́jọ́ náà! Ìyá wá láìwọ bàtà. Bàbá bọ́ sílẹ̀ lórí zémíjáǹ kó tó dúró. Àwọn kan fo ọgbà wọlé. Ẹni tó bá rí ọmọ tirẹ̀ á fà á lọ́wọ́, á gbé e lọ, kò ní dágbére. Ẹni tó bá rí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà á mú un. Nígbà tí ìyá tó bí ọmọ bá wá dé, tó bi wá pé, "Olùkọ́, ọmọ mi dà?", a kò ní ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni a wá ọmọkùnrin CE1 kan títí di agogo méje alẹ́. Ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ló wà, ó ń jẹun. Ìyá rẹ̀ ti sunkún débi pé ohùn rẹ̀ ti há.

Ẹ ó sọ pé, "Ẹ kò ní nọ́ḿbà fóònù àwọn òbí ni?" A ní in. Ó wà nínú ìwé kan, ìwé náà wà nínú àpótí tábìlì. Nígbà tí a fà á yọ, nọ́ḿbà oníye 8 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí pé láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ḿbà wa ní Bẹ̀nẹ̀ ti di oníye 10, pẹ̀lú 01 níwájú. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó tún ìwé náà kọ. Èyí tiẹ̀ kéré, nítorí 01 kò ṣòro láti fi kún un. Nígbà tí a fi kún un tán, ọ̀kan kò wọlé mọ́, èkejì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀kẹta jẹ́ ti bàbá kan tó ti lọ dáko ní ìhà Nàìjíríà láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní CI.

Kì í ṣe Ṣábẹ̀ nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ibòmíràn sì ti burú ju tiwa lọ. Ẹ rántí Chibok, ní ìpínlẹ̀ Borno ní Nàìjíríà. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 ní ilé ìwé wọn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ológun Nàìjíríà kéde pé àwọn ti gba gbogbo wọn padà, pé ó ku 8 péré. Ẹ fi ara yín sípò ìyá tó gbọ́ ìyẹn. Yóò dúpẹ́, yóò gbé omi kaná de ọmọ. Ọ̀gá ilé ìwé náà ló jáde sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ológun sì padà kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Àwọn òbí fúnra wọn ló wọ igbó lọ wá ọmọ. Ohun tí obìnrin ọ̀gá ilé ìwé yẹn ṣe ni ẹ̀kọ́ fún wa: ó sọ ohun tó mọ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tó lágbára jù ú lọ bo òótọ́ mọ́lẹ̀.

Àwa náà níbí ti rí ọjọ́ tí òótọ́ ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ìbò ààrẹ ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dí ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnù lọ sí Páràkú níbí ní Ṣábẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn láti ṣí ọ̀nà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tó wà nílùú lọ́jọ́ náà mọ̀ pé kò sí ìbéèrè tó ju ẹyọ kan lọ lẹ́nu òbí: ọmọ mi dà? Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìbò ilé aṣòfin, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tó máa ń sọ fún wa pé, "Ẹ sáà fi sórí WhatsApp," ẹ má gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù lè jẹ́ ọjọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn wá jù kì í ṣe ti ọjọ́ ìjì. Ti ọjọ́ kejì ni.

Ní ọjọ́ kejì, a jókòó, a kọ ìwé sí àwọn òbí. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́, òun ni ọwọ́ wa mọ̀, a kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. A kọ ọ́ pé: "Les cours sont suspendus jusqu'à nouvel ordre." Ìyẹn ni pé a dá ẹ̀kọ́ dúró ná, títí a ó fi ránṣẹ́ pè yín. A fi ìwé náà rán àwọn ọmọ sílé. Àwọn òbí dá owó, wọ́n ra páànù, káfíńtà kan òrùlé, ẹ̀kọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó wà ní CM2 kò padà wá. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Lójoojúmọ́ a ń pe orúkọ rẹ̀, a ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. A ní bóyá ó wà lóko. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí a tó lọ sílé wọn.

Ìyá àgbà rẹ̀ la bá nílé. A kí i, ó fún wa ní ìjókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní nígbà tí ìwé dé, òun pe ọmọ àdúgbò kan tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kó bá òun kà á. Ọmọ náà rí "suspendus". Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó bá ṣẹ̀ ni a máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún nílé ìwé. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti lé wọn." Ìyá àgbà rò pé nítorí owó tí òun kò tíì san ni. Ojú tì í láti wá bẹ̀ wá. Ó ní kí ọmọ má bàa jókòó lásán, ló bá fi í ránṣẹ́ sí ìbátan kan ní Ṣakí, kó lọ máa bá a ta oúnjẹ.

A ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ìwé yín dé ilé wa, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni yín. Bí ẹnì kan nínú yín bá wá jókòó síbí bí ẹ ti jókòó yìí, ṣé n kò ní gbọ́ èdè tí a jọ ń sọ ni?"

A kò rí èsì fọ̀. A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ṣakí, ọmọ padà dé, ó ku nǹkan bí oṣù kan kí ìdánwò CEP tó bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó ṣe é, ó sì yege. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa rò ó: ká ní a kò lọ ńkọ́? Ìjì kò pa á, páànù kò bà á, ìwé tiwa ló fẹ́ gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, àwa olùkọ́ àti ẹgbẹ́ òbí, APE, jókòó, a sì ṣe àdéhùn. Kò gba owó púpọ̀. Bóyá yóò wúlò fún ilé ìwé tó wà lọ́dọ̀ yín.

Èkíní, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni a ń tún ìwé nọ́ḿbà kọ. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ń kọ nọ́ḿbà òbí, nọ́ḿbà aládùúgbò kan, àti orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ náà lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, kó jọ̀wọ́ dúró kí a pe ilé. Ẹni tó bá sì mú ọmọ lọ yóò fọwọ́ síwèé, tàbí kó tẹ ìka.

Èkejì, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a pín iṣẹ́. Ẹnì kan ń ka ọmọ, ẹnì kan ń pe 118 fún àwọn panápaná, ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń bá ìlú sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́rin ló máa sọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ wà, ohun tí a kò tíì mọ̀, àti ìgbà tí a ó tún sọ̀rọ̀. Ẹ má fojú kéré ẹ̀kẹta. Òbí lè fara da "a kò tíì mọ̀". Ohun tí kò lè fara dà ni kí ilé ìwé dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, èdè ilé ni a ó fi sọ ọ́. Yorùbá Ṣábẹ̀ ṣáájú, a sì ń wá ẹni tó gbọ́ Fúlàní àti Fọ̀n, nítorí ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wa. A ń gbà á sílẹ̀ ní ohùn, nítorí ẹni tí kò mọ̀wé ní etí. A ń fi í ránṣẹ́ sí rédíò ìlú, sí alágogo, sí mọ́ṣáláṣí, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn oní-zémíjáǹ. Bí ọ̀nà kan bá dí, òmíràn á là.

Ẹ̀kẹrin, ilé ọmọ tó fara pa ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, ẹnu olùkọ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò ọmọ tó fara pa fi ránṣẹ́ o.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ kò parí lọ́jọ́ tí ìjì rọlẹ̀. A ń pe ìpàdé, a ń sọ ohun tó fà á, ohun tí a tún ṣe, àti èyí tó kù. Ọmọ tí kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, a ń lọ sílé wọn.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, iná igbó jó dé ẹ̀yìn ọgbà wa. Èéfín bo ilé ìwé. A kó àwọn ọmọ lọ sí iwájú, a kà wọ́n, a sì gba ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀yin òbí, àwa olùkọ́ ni. Iná ń jó lẹ́yìn ọgbà, kò wọ inú ilé ìwé. Gbogbo ọmọ wà níwájú pẹ̀lú wa, kò sí ẹni tó fara pa. A kò tíì mọ ìgbà tí iná máa kú. Bó bá di agogo mọ́kànlá, a ó tún sọ̀rọ̀." Nígbà tó di agogo mọ́kànlá, a tún sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Àwọn ìyá ṣì wá. Ìyá ni ìyá ń jẹ́, a kò lè ní kí wọ́n má wá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n rìn wá, wọn kò sáré. Wọ́n wọ bàtà. Ìyá àgbà yẹn wà láàárín wọn, àbúrò ọmọ náà ló wá wò. Ó ní, "Mo gbọ́ ohùn yín."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní: bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ḿbà, ẹ sọ fún wa. Bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn nípa ilé ìwé, ẹ bi wá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ lọ wo ìwé tó wà nínú àpótí tábìlì yín lónìí. Ẹ pe nọ́ḿbà mẹ́wàá níbẹ̀. Ẹ wá sọ fún wa, mélòó ló wọlé?

Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn ọmọ sí. Ire o.