Ọmọ Tó Ń Ṣa Bọ́ọ̀lù

Lóko wa lẹ́yìn Lálúpọn, ọmọdé kì í gun ọ̀pẹ. Akọ̀pẹ ló ni igbà, òun ló ni àdá. Bí ìdì ẹyìn bá ti já lulẹ̀, àwa ọmọ á rọ́ wọ inú koríko, a ó máa ṣa èyí tó fọ́n ká. Ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀pẹ kò kọjá ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ni Nduka Odizor ń ṣa fún àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì l'Ékòó kó tó di agbátẹ́níìsì tí ayé mọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kan, Robert Wren, tó wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, tó sì kọ̀wé lórí iṣẹ́ Chinua Achebe, ló kíyè sí i. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà fi dé Yunifásítì Houston. Kí ni Wren rí lára ọmọ tó ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn? Mo ti rò ó títí.

Ní Wimbledon ọdún 1983, wọ́n fa Odizor lé Guillermo Vilas ọmọ Ajẹntínà lọ́wọ́ ní ìpele kìíní. Ipò kẹrin ni wọ́n to Vilas sí nínú ìdíje náà, ó sì ti gba ife ńlá mẹ́rin rí. Ó mú sẹ́ẹ̀tì kìíní, 6-3, ó mú ìkejì, 7-5. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, àwọn èèyàn ì bá ti máa wá ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n tẹ́níìsì ò ní fèrè ìparí. Àfi kí ẹnìkan gba ayò tó kẹ́yìn. Odizor gba ìkẹta, 7-6, ó gba ìkẹrin, 7-5, ó wá fi 6-2 pa á dé. Ìpele kẹrin ló bá ìdíje náà dé. Lọ́dún yẹn kan náà ló gba ife ní Taipei, nígbà tó sì di 1984 ó dé ipò 52 lágbàáyé. “The Duke” ni wọ́n ń pè é, oyè òyìnbó tí wọ́n gé lára Nduka!

Èmi náà ti ń gbá tẹ́níìsì díẹ̀díẹ̀ báyìí, eegun àgbà ń fẹ́ ìnàjú. Ọmọ kan máa ń ṣa bọ́ọ̀lù fún wa ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó tó dá bọ́ọ̀lù padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mọ́ ògiri, ó gbá a, ó gbá a, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo ní kó tètè jù ú wá, ilẹ̀ ti ń ṣú.